Robert McCance

Robert Alexander McCance (ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1898 – ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1993) jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa oúnjẹ. Itòsí Belfast ní erékùṣù Írẹ́láńdì ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n London àti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. A mọ̀ ọ́n jù lọ fún ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn èròjà míńírà inú oúnjẹ, bíi iyọ̀, irin àti kálísíọ̀mù. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ènìyàn jẹ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ara ń gbà. Ìfun dà bí oníbodè tí ń yẹ ẹrù wò kí ó tó jẹ́ kí ó wọ ìlú, oúnjẹ tí ó sì bá míńírà rìn wà lára ohun tí ń mú kí ó wọlé tàbí kí ó padà sẹ́yìn. Ìmọ̀ yìí wúlò fún gbogbo ènìyàn, ó sì ṣe pàtàkì fún àwọn tí a ti gé lára ìfun wọn nípa iṣẹ́ abẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Inú ìdílé oníṣòwò aṣọ ọ̀gbọ̀ ni a bí McCance sí. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ St Bees ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ ẹ̀ka ọkọ̀ òfurufú ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó sì di awakọ̀ òfurufú tí ń gbéra láti orí ọkọ̀ ogun. Iṣẹ́ eléwu ni iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọkọ̀ òfurufú tí ó bá ti gbéra láti orí irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ kò lè padà balẹ̀ sórí rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ó wọ Sidney Sussex College ní Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1919. Níbẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Frederick Gowland Hopkins, ẹni tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929 fún ìmọ̀ nípa fítámì. Lẹ́yìn náà ni McCance lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní King's College Hospital ní London.

Ní ilé ìwòsàn yìí ni ó ti bá Robert Daniel Lawrence pàdé. Oníṣègùn àtọ̀gbẹ ni Lawrence, òun fúnra rẹ̀ sì ní àrùn náà. Insulin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí nígbà náà ni ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹni tí ń gba insulin ní láti mọ ìwọ̀n ṣúgà tí ó wà nínú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó wà nígbà náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. McCance mú èso àti ẹ̀fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní tútù àti ní sísè, ó sì yẹ ohun tí ó wà nínú wọn wò. Ní ọdún 1929, òun àti Lawrence tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Láti ìgbà náà ni ìṣesí rẹ̀ ti hàn: kì í gba ohunkóhun gbọ́ nípa oúnjẹ láìjẹ́ pé ó ti fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n.

Ìpàdé pẹ̀lú Elsie Widdowson

Ní ọdún 1933, ọ̀dọ́mọbìnrin onímọ̀ kẹ́místrì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elsie Widdowson wá kọ́ṣẹ́ ní ilé ìdáná King's College Hospital. Ibẹ̀ ni ó ti rí McCance tí ń se ẹran láti mọ ohun tí iná ń mú jáde nínú rẹ̀. Widdowson ti ṣe ìwádìí lórí èso ápù rí. Nígbà tí ó ka àkọsílẹ̀ McCance, ó rí i pé iye ṣúgà tí ó kọ fún àwọn èso kan kéré jù, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà yẹ̀ wọ́n wò ba díẹ̀ nínú ṣúgà náà jẹ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú.

McCance kò bínú. Ó wá owó ìwádìí kí Widdowson lè wá bá a ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jùmọ̀ tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Báyìí ni àjọṣe tí ó tó ọgọ́ta ọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 1940, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí ó to èròjà inú oríṣiríṣi oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ. The Composition of Foods ni a mọ ìwé náà sí, a sì ti tún un ṣe tí a sì tún un tẹ̀ léraléra lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1938, àwọn méjèèjì ti kó lọ sí Cambridge, níbi tí McCance ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn àfidánwò ní ọdún 1945.

Ìwádìí lórí iyọ̀

Nígbà tí McCance ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ tí àìsàn ti dá kú, ó ṣàkíyèsí pé iyọ̀ púpọ̀ ti bá ìtọ̀ jáde lára wọn. Ó fẹ́ mọ ohun tí àìtó iyọ̀ nìkan lè ṣe fún ara tí kò ní àìsàn mìíràn. Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀ ju kí ènìyàn tí ara rẹ̀ dá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Òun náà sì wà lára àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn.

Wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ rárá. Wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ sínú ooru kí wọ́n lè làágùn púpọ̀, kí iyọ̀ inú ara wọn bá òógùn jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, pajápajá bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n, oúnjẹ kò sì ní adùn lẹ́nu wọn mọ́. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn lásán, wọn a máa mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tún jẹ iyọ̀ ni adùn padà sí ẹnu wọn, tí ara wọn sì yá láìpẹ́.

Ohun tí McCance kọ ní ọdún 1936 nípa ìdánwò yìí jẹ́ kí ó yé àwọn oníṣègùn pé omi nìkan kò tó fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tí ń bì láìdáwọ́dúró, ẹni tí ń ṣu omi, àti ẹni tí omi inú ìfun rẹ̀ ń dà jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń pàdánù iyọ̀ pẹ̀lú omi. Bí a kò bá dá iyọ̀ náà padà, omi tí a fún wọn kò ní dúró lára.

Irin àti ẹnu bodè ìfun

Ṣáájú ìwádìí McCance àti Widdowson, èrò tí ó gbòde ni pé bí irin bá pọ̀ jù nínú ara, ìfun yóò dà á jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò àwọn aláìsàn tí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa wọn pọ̀ jù, tí a sì fún ní oògùn tí ń fọ́ hóró náà. Irin púpọ̀ tú sílẹ̀ nínú ara wọn, ṣùgbọ́n irin tí ń bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn jáde kò pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún àwọn ènìyàn tí ara wọn dá ní irin, bákan náà ni ó rí.

Ní ọdún 1937, wọ́n kéde ohun tí ó yí ìmọ̀ nípa irin padà: ara kò ní ọ̀nà pàtàkì kan tí ń gbà da irin tí ó pọ̀ jù nù, kàkà bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí irin ń gbà wọlé ni ara ń ṣọ́. Bí irin bá ti tó nínú ara, ìfun a dín èyí tí ó ń gbà wọlé kù. Bí kò bá tó, a fi kún un. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé bí apá ibi tí irin ń gbà wọlé bá bàjẹ́, tàbí bí a bá gé e kúrò, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè dé láìka iye irin tí ó wà nínú oúnjẹ sí.

Ìdánwò kan tí wọ́n fi ara wọn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìbànújẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà tí strontium, míńírà kan tí ó jọ kálísíọ̀mù, ń gbà jáde kúrò nínú ara, wọ́n sì ń gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Omi abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò nígbà kan kò mọ́. Ibà líle kọ lù wọ́n, ara wọn sì ń gbọ̀n. Síbẹ̀, wọ́n ń kó ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn jọ títí ìdánwò náà fi parí. Ohun tí wọ́n rí ni pé kíndìnrín ni ó ń da èyí tí ó pọ̀ jù nínú strontium náà nù, kì í ṣe ìfun.

Búrẹ́dì, phytate àti kálísíọ̀mù

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tí ń kó oúnjẹ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ewu. McCance, Widdowson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi oṣù bíi mẹ́ta jẹ ìwọ̀nba oúnjẹ tí wọ́n rò pé ìlú lè ní bí ogun bá le sí i. Búrẹ́dì, ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọyẹ́ ọdún 1939 sí 1940, wọ́n lọ sí agbègbè olókè tí à ń pè ní Lake District, níbi tí wọ́n ti ń gun òkè, tí wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ láti dán agbára ara wọn wò. Ara wọn gbé e. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ wọn fi hàn pé kálísíọ̀mù tí wọ́n ń rí gbà kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn gbogbo ìlú ní ọdún 1942. Kí àlìkámà má bàa ṣòfò, ìjọba pàṣẹ pé kí a máa rí ìwọ̀n ìyẹ̀fun 85 láti inú ìwọ̀n àlìkámà 100, èyí tí ó túmọ̀ sí pé eèrí púpọ̀ yóò wà nínú búrẹ́dì. Eèrí ní míńírà púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé búrẹ́dì eléèrí yóò fún ara ní míńírà ju búrẹ́dì funfun lọ. McCance àti Widdowson kò gba èyí láìwọ̀n ọ́n. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn olùyọ̀ǹda jẹ búrẹ́dì funfun fún ìgbà kan, wọ́n sì jẹ eléèrí fún ìgbà mìíràn. Gbogbo ohun tí ó wọ ẹnu wọn àti gbogbo ohun tí ó jáde lára wọn ni a wọ̀n.

Àbájáde rẹ̀ lòdì sí èrò àwọn ènìyàn. Kálísíọ̀mù tí ara gbà nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì eléèrí kéré sí èyí tí ara gbà nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì funfun. Ohun tí ó fa èyí ni phytate, èròjà kan tí ó wà nínú eèrí àti nínú ọ̀pọ̀ hóró irúgbìn. Phytate a máa di kálísíọ̀mù, irin àti síǹkì mú nínú ìfun, a sì bá wọn jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, wọ́n fi phytate sínú búrẹ́dì funfun, kálísíọ̀mù tí ara ń gbà sì dín kù. Wọ́n yọ phytate kúrò nínú búrẹ́dì eléèrí, kálísíọ̀mù náà sì pọ̀ sí i.

Ẹlòmíràn, Edward Mellanby, ti sọ ṣáájú wọn pé phytate ń ba egungun àwọn ajá kéékèèké jẹ́. Iṣẹ́ McCance àti Widdowson ni ó fi ohun tí ó ń ṣe nínú ara ènìyàn hàn kedere. Nígbà ogun náà, ìjọba pàṣẹ pé kí a máa po ṣọ́ọ̀kì, tí ó jẹ́ kálísíọ̀mù, mọ́ ìyẹ̀fun. Ó wà nínú òfin ilẹ̀ náà títí di òní pé kí a máa fi kálísíọ̀mù sínú ìyẹ̀fun tí a ti yọ eèrí rẹ̀.

Jámánì àti Uganda

Láti ọdún 1946 sí 1949, McCance àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlú Wuppertal ní Jámánì, níbi tí ebi ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn ogun. Wọ́n fún àwọn ọmọ aláìníyàá ní ilé ìtọ́jú ní oríṣiríṣi búrẹ́dì, láti orí funfun dé orí eléèrí, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ jù. Àwọn onímọ̀ ti retí pé àwọn tí ń jẹ irú búrẹ́dì kan yóò dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ náà sanra, wọ́n sì ga, láìsí ìyàtọ̀ láàárín wọn. McCance àti Widdowson tẹ àbájáde náà jáde bí ó ti rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá ohun tí wọ́n retí mu.

Ní ọdún 1966, nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní Cambridge, kò jókòó sílé. Ó lọ sí Kampala ní Uganda, ó sì darí ibùdó ìwádìí lórí àìjẹunrekánú ọmọdé títí di ọdún 1968. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìṣòro tí àwọn oníṣègùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ń bá jà ní àkókò náà: ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí oúnjẹ tí kò ṣara lóore tó sì di gbogbo oúnjẹ rẹ̀.

Ìfun tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún

McCance kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣàwárí wà lára ìpìlẹ̀ ìtọ́jú àwọn tí a gé lára ìfun wọn. Apá òkè ìfun kékeré, tí ó so mọ́ àpòlúkù, ni ibi tí irin ti ń wọlé jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ara ti ń fi agbára fa kálísíọ̀mù. Ìsàlẹ̀ ìfun kékeré ni fítámì B12 ti ń wọlé, ibẹ̀ ni ara sì ti ń gba omi òróòro padà, èyí tí ń ran ọ̀rá lọ́wọ́ láti dà. Nítorí náà, ibi tí a gé ni ó ń pinnu ohun tí yóò wọ́n ara.

Bí a bá gé púpọ̀ nínú ìsàlẹ̀ ìfun kékeré, ọ̀rá tí kò dà yóò máa di kálísíọ̀mù àti magnesium mú bí ọṣẹ. Láti inú èyí ni wàhálà mìíràn ti ń jáde. Kálísíọ̀mù ni ó máa ń di oxalate inú ẹ̀fọ́ mú nínú ìfun kí ó má bàa wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá ti gba kálísíọ̀mù náà, oxalate yóò ráyè wọlé láti inú ìfun ńlá, yóò sì lè di òkúta nínú kíndìnrín. Ìdí nìyí tí a fi ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó dín ọ̀rá kù, kí ó dín ẹ̀fọ́ tí oxalate pọ̀ nínú rẹ̀ kù, kí ó sì máa jẹ kálísíọ̀mù pọ̀ mọ́ oúnjẹ.

Ẹni tí a fa ẹnu ìfun rẹ̀ jáde sí ara ikùn a máa pàdánù omi àti iyọ̀ púpọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń mu omi lásán nítorí òùngbẹ, omi náà lè túbọ̀ fa iyọ̀ jáde lára rẹ̀. Omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà sí ní ìwọ̀n tí ó tọ́ ni ó ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ṣúgà a máa fa iyọ̀ wọlé láti inú ìfun, omi a sì tẹ̀ lé wọn.

Ìwúlò iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Ní Nàìjíríà, ibà taifọ́ọ̀dù tí ó dá ihò sí ìsàlẹ̀ ìfun kékeré wà lára ohun tí ń gbé àwọn aláìsàn, pàápàá ọmọdé àti ọ̀dọ́, dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Nígbà mìíràn, oníṣẹ́ abẹ a rán ihò náà pa. Nígbà mìíràn, ó ní láti gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Ẹni tí ó bá padà sílé sí Ìwàrà tàbí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ilé ni yóò máa jẹ. Nítorí náà, ohun tí McCance wọ̀n ní Cambridge kan ìkòkò ọbẹ̀ ní Iléṣà pẹ̀lú.

Àgbàdo àti ẹ̀wà ní phytate. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà ṣe ògì a máa dín in kù. Rírẹ àgbàdo sínú omi, lílọ̀ ọ́, sísẹ́ eèrí kúrò àti jíjẹ́ kí ó kan ń fún èròjà tí ń fọ́ phytate láyè láti ṣiṣẹ́. Bákan náà ni wíwú tí ìyẹ̀fun búrẹ́dì ń wú kí a tó yan án. Ọsàn tàbí èso kíkan mìíràn tí a bá jẹ pẹ̀lú oúnjẹ a máa ran irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lọ́wọ́ láti wọlé, nígbà tí tíì tí a mu mọ́ oúnjẹ a máa dí i lọ́nà. Irin inú ẹran àti ẹja ni ó ń wọlé jù.

Ní ti kálísíọ̀mù, ìdí mìíràn tún wà fún ìṣọ́ra. Àrùn tí ń mú egungun ọmọdé rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń tẹ̀, wà ní Nàìjíríà bí oòrùn tilẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn oníṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Jos wà lára àwọn tí ó wá ìdí rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní Jos, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé kálísíọ̀mù wo àwọn ọmọ náà sàn ju fítámì D nìkan lọ, nítorí pé oúnjẹ wọn kò ní kálísíọ̀mù tó. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun, edé àti wàrà jẹ́ ibi tí a ti lè rí i ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọmọ tí ìfun rẹ̀ pé bá lè ní àìtó kálísíọ̀mù, ẹni tí a gé ìfun rẹ̀ ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì jẹ́ kí oníṣègùn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ikú àti ogún rẹ̀

A yan McCance sí ẹgbẹ́ Royal Society ní ọdún 1948, ó sì gba oyè CBE ní ọdún 1953. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1993, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 94. Elsie Widdowson kú ní ọdún 2000. Orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà lára ìwé tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò káàkiri àgbáyé. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ni pé kí wọ́n má ṣe dúró sórí ohun tí aláìsàn jẹ nìkan, kí wọ́n tún wọn ohun tí ara rẹ̀ gbà.